Ògiri Tí Mo Mọ Sáàárín Ìyá Mi àti Mùsé Bẹ̀náà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára kéèyàn kọ́, ẹ jókòó dáadáa. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láyé mi. Iṣẹ́ mọlémọlé ni, èyí tí àwọn ará Kútọnú ń pè ní màsọ́ọ̀n. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó rọrùn. Ẹ̀yìn ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, sìmẹ́ǹtì sì ti jẹ ìka mi débi pé omi gbígbóná àti omi tútù ò yàtọ̀ sí mi mọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá, ṣíbí mọlémọlé náà ni n óò tún gbé. Ẹni tó ń kọ́lé fún àwọn ará ìlú ńlá máa ń tètè mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, torí pé ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni wọ́n máa ń ní kó kọ́ fún wọn. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ iye tí wọ́n san fún mi, kó lọ bi ìyàwó mi.

Kétu ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi fẹ́ kí n di olùkọ́, ó sì rán mi lọ sí ilé ìwé àwọn fádà, ṣùgbọ́n ìwé ò gba tèmi, èmi náà ò sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi wá sí Kútọnú, ó fà mí lé Ọ̀gá Dòsú lọ́wọ́. Ẹ̀yà Gùn ni, ará Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí mi ò pọ̀ rárá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ti wà nídìí yanrìn.

Ọ̀gá Dòsú! Ọkùnrin náà ò sanra, kò sì ga, ṣùgbọ́n bó bá wúkọ́ lásán, gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ á dìde dúró. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣíbí. Yanrìn ni mò ń jọ̀ láàárọ̀, yanrìn ni mò ń jọ̀ lọ́sàn-án. Yanrìn etí òkun kún Kútọnú, ẹnikẹ́ni ló sì lè bù ú, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń jẹ ògiri. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti da yanrìn sílẹ̀, ọ̀gá á pè wá, á ní kí kálukú bu díẹ̀ sẹ́nu. A óò tọ́ ọ wò bí ìgbà tí ìyàwó ilé ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní kò níyọ̀, tí ọ̀gá wá tọ́ ọ wò tó rí iyọ̀ níbẹ̀, òun ni yóò fi agbọ̀n kó gbogbo rẹ̀ padà sẹ́yìn ojú ọ̀nà. Mo ti kó o rí. Ọwọ́ mi wú. Mo bú ọ̀gá mi dáadáa nínú ikùn mi, mi ò bú u síta, torí orí mi ṣì pé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ okùn ló le jù lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Bí a bá fẹ́ to búlọ́ọ̀kù, a máa ń ta okùn láti ìkángun kan dé ìkejì kí ìlà rẹ̀ lè gún. Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá yòókù, ọmọ iṣẹ́ méjì ló máa ń di okùn náà mú. Ti Ọ̀gá Dòsú ò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti jẹ́ ògiri tó máa pààlà sáàárín ilé méjì, àwọn onílé méjèèjì ni yóò di okùn mú fúnra wọn, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí a ó fi to ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù kìíní tán. Ó bi mí lọ́jọ́ kan:

"Josẹ́fù, ta ló ni ògiri yìí?"

Mo ní ẹni tó pè wá ni. Ó fi ọ̀pá ìwọ̀n gbá mi lójúgun.

"Ẹni tó pè wá ló ni ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó wà lódìkejì ló ni ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí a bá ta okùn lẹ́yìn rẹ̀, olè là ń jà, a kì í ṣe màsọ́ọ̀n."

Ojú mi ló ṣe nígbà tí onílé ọtí kan ní àdúgbò Jonquet pè wá, tó ní òun ò ní bá aládùúgbò òun dúró nídìí okùn kan náà láéláé. Ilé ọtí ńlá ni, ọjọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ ì bá pọ̀. Ọ̀gá Dòsú fọ ṣíbí rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó ní ká gbé korobá. Ebi pa wá lọ́sẹ̀ yẹn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni òfin okùn ti wọ̀ mí lára, mi ò sì ta okùn ààlà kankan lẹ́yìn onílé títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo gba ìyọ̀ǹda, mo rí ilẹ̀ kékeré kan ní àdúgbò Gbégamey, mo kọ́ yàrá méjì síbẹ̀, mo sì fẹ́ ìyàwó. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Pákó la fi ń yọ búlọ́ọ̀kù tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó máa gbá a mọ́lẹ̀. Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ onírin dé. Omi inú abọ́ la fi ń wo bóyá nǹkan tẹ́jú. Ìgbà tó yá, rọ́bà gígùn tí omi hàn nínú rẹ̀ dé, o lè mú un yí gbogbo ilé po. Àwọn àgbà kan ń ráhùn pé irinṣẹ́ tuntun ti ba iṣẹ́ jẹ́. Irọ́ ni. Irinṣẹ́ ò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí àwọn èèyàn ń ní ká kọ́ fún wọn ló yí padà jù.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ́lé ní Gbégamey tí kì í ní kí n mọ pèpéle síwájú ìta fún òun. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́yìn iṣẹ́, tí télọ̀ á bá akọ̀wé ṣeré, tí àwọn ìyá á máa ya irun fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà tó yá ni ìjọba àwọn ológun kéde àyípadà, tí ìlú di ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. A wá ń pe ara wa ní kọ̀máràdì. Bí ẹnì kan bá kígbe "Ehuzu!" nínú ìpàdé, ìyẹn "Ó ti yí padà!" lédè Fọ̀n, gbogbo wa á na ọwọ́ sókè, a ó dáhùn pé "Dandan!" Èmi náà kígbe rẹ̀, ohùn mi sì ròkè. Mo rò pé bí gbogbo wa ṣe di kọ̀máràdì yìí, pèpéle ni wọ́n á ní kí n máa mọ kún pèpéle.

Òdìkejì rẹ̀ ni mo rí. Akọ̀wé kan pè mí, ó ní kí n bá òun fọ́ pèpéle òun. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ọ̀gá, tí èèyàn mẹ́rin bá jókòó síbẹ̀, wọ́n á ní kí là ń sọ." Lẹ́yìn tirẹ̀, ẹlòmíràn pè mí, òmíràn tún pè mí. Wọ́n ní kí n gbé ògiri ga sí i. Wọ́n ní kí n ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí rẹ̀. Nínú ilé, wọn a tan rédíò sókè kí wọ́n tó bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀. Èèyàn wọ̀nyí ò burú tẹ́lẹ̀, mo bá wọn jẹun rí. Ìlú ńlá ti kọ́kọ́ kó àwọn tí kò mọra wọn jọ sójú kan, ìbẹ̀rù wá bá wọn níbẹ̀, kálukú sì ń wo aládùúgbò rẹ̀ pé bóyá òun ni etí ìjọba. Inú bí mi gan-an, mo sì ń gbé ògiri ga.

Àárín ìgbà yẹn ni bàbá mi kú, tí mo lọ mú ìyá mi wá láti Kétu. Èmi nìkan ló kù fún un nínú ọmọ tó bí. Àgbàlá wa ní Kétu ti tú, òrùlé ti jìn, kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ tó lè bu omi fún un. Bí Kútọnú ò bá gbà á, kò sí ibòmíì tó kù fún un. Mo wá pinnu pé yóò gbà á, tipátipá.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Kútọnú ò mọ bí àwọn àgbà Kétu ṣe ń kíni. Wọn kì í kàn sọ "bọ́ńjúù" bí àwọn Faransé kí wọ́n kọjá. Ilẹ̀ á mọ́, ìyá mi á rọ́ ìró rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà télọ̀ tó dojú kọ wá, á lọ dé ìpẹ̀kun títì. "Ẹ jí ire bí? Ọkọ ń kọ́? Ṣé ó sùn sílé? Ìyá Àjàṣẹ́ tó wá lánàá ń kọ́, ṣé ó ti lọ? Ọmọ tó ń wúkọ́ ń kọ́?" Ó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Kétu, bí o ò bá bi èèyàn bẹ́ẹ̀, o kórìíra rẹ̀ nìyẹn. Ní Gbégamey ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń bi ọ́ pé ta ló sùn sílé rẹ àti ìgbà tó máa lọ, èrò ọkàn rẹ á lọ síbòmíì.

Ẹni tí ìyá mi ń kí jù ni Mùsé Bẹ̀náà, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Bẹ̀náà, tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa. Akọ̀wé ìjọba ni, ẹ̀yà Fọ̀n ni, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ló dàgbà sí, ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké. Ó ní àbúrò kan tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, Fidẹ́ẹ̀lì, olùkọ́ ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló máa ń dúró gbọ́ gbogbo ìkíni ìyá mi tán ní títì yẹn. Ìgbà kan tí èmi àti ìyàwó mi mú ìyá mi lọ sí Kétu fún ìsìnkú ìbátan wa kan, tí a lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, a padà dé, a ò rí Fidẹ́ẹ̀lì mọ́. Mùsé Bẹ̀náà ní wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sókè àríwá, sí Natitingou. Mo gbà á gbọ́. Ìyá mi náà gbà á gbọ́, ló bá fi kún ìkíni rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń bi í pé, "Fidẹ́ẹ̀lì ń kọ́? Ṣé ẹ ti gbúròó rẹ̀? Ìgbà wo ló ń bọ̀?" Mùsé Bẹ̀náà á ní "A dúpẹ́, Màmá," á sì yára ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́jà Gbégamey. Wọ́n ń sọ pé ìyá màsọ́ọ̀n ń ṣiṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ àdúgbò, pé ó ń mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu mi nígbà tí wọ́n wá pè mí níbi iṣẹ́ mi ní Cadjèhoun pé dẹlegé, ìyẹn aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, ti ní kí wọ́n mú ìyá mi wá. Mo sáré tòun ti sìmẹ́ǹtì lára. Mo bá ìyá mi lórí àga onígi kan ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ká ọwọ́ sórí itan. Dẹlegé náà ò ju ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ.

"Kọ̀máràdì màsọ́ọ̀n," ó ní, "láti àárọ̀ ni mo ti ń bi í léèrè ẹni tó ń rán an kiri ilé onílé. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun. Níbo ni ìyá rẹ̀ wà?"

Mo ní, "Ó ti kú tipẹ́, kọ̀máràdì."

Ó wò mí bóyá mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa mú un lọ, kí n sì sọ fún un pé ní Kútọnú, kálukú ń gbé ilé tirẹ̀. Àwọn ará àdúgbò rò pé ìjọba ló rán ìyá mi. Ìjọba rò pé àwọn ọ̀tá ìjọba ló rán an. Nínú gbogbo ìlú yẹn, kò sẹ́ni tó rò pé ó kàn fẹ́ kí wọn ni.

Ìyá mi ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó wọlé, ó jókòó, kò sì jáde mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á jí, á rọ́ ìró, á dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, á padà. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Tí mo bá ní "Ìyá, ẹ jáde síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí yín," á ní, "Àkànní, ta ni kí n lọ bá?" Ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí ògiri tó ń jẹra láti inú wá, mo mọ̀ pé kì í pẹ́. Mo búra fún ara mi pé Kútọnú ò ní pa ẹnu ìyá mi mọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Mùsé Bẹ̀náà wá bá mi. Kò jókòó. Ó ní òun fẹ́ ògiri láàárín ilé òun àti tèmi, kó ga ju orí òun lọ, kí n sì ri ìgò sórí rẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, ọgbà òdòdó kékeré ló pààlà sáàárín wa.

Mo ní, "Mùsé Bẹ̀náà, ṣé nítorí ìyá mi ni?"

Ó ní, "Ọ̀gá Josẹ́fù, ẹ má bínú. Ẹni tí wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ dẹlegé láàárọ̀ tí wọ́n dá padà lálẹ́, ta ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún?"

Ẹ ò rí nǹkan? Bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀ ló wá di ẹ̀rí sí i lọ́rùn. Ó kù díẹ̀ kí n lé e jáde. Àmọ́ bí mo bá kọ̀, màsọ́ọ̀n mìíràn máa mọ ọ́n, á ta okùn lẹ́yìn wa, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Mo ní, "N óò mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin mi. Ẹ ó di okùn mú níhìn-ín, ìyá mi á dì í mú lọ́hùn-ún, torí òun ni àgbà ilé wa." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fẹ́ sọ pé rárá, ó ro ohun tí àwọn èèyàn á rò bó bá sọ pé rárá, ó bá gbà.

Mo fa ìyá mi lọ́wọ́ jáde lọ́jọ́ iṣẹ́. Kò fẹ́ wá. Mo ní, "Ìyá, iṣẹ́ mi ni, ẹ ràn mí lọ́wọ́." Ó di okùn mú. Mùsé Bẹ̀náà di ìkángun kejì mú, ó kọjú sí ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù, mi ò sì kánjú. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó di okùn mú ò lè kúrò, bó bá mira, ìlà á wọ́. Mo to ọ̀kan, mo to ìkejì, mo ń wo ìyá mi lábẹ́ ojú. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dàbí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìgbà tó yá, ohùn rẹ̀ jáde, ó kéré:

"Mùsé Bẹ̀náà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Ọmọ ń kọ́?"

"A dúpẹ́."

"Àbúrò yín ń kọ́? Fidẹ́ẹ̀lì mi. Ó ti pẹ́ jù. Ṣé wọ́n ń fún un ní oúnjẹ níbẹ̀?"

Okùn náà gbọ̀n lójú mi. Mo gbójú sókè. Mùsé Bẹ̀náà ti ranjú mọ́ ìyá mi, ẹ̀rù àti ìbínú dàpọ̀ lójú rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ta ló ní kí ẹ máa bi mí? Ẹ mọ̀ pé wọ́n gbé e. Gbogbo títì ló mọ̀. Wọ́n gbé e láàárọ̀ kùtù níwájú gbogbo yín, ẹnikẹ́ni ò yọjú!"

Ìyá mi ní, "Wọ́n gbé e?"

Ó yíjú sí mi. Mo mi orí pé èmi náà ò mọ̀. Ó tún wo Mùsé Bẹ̀náà. Ìgbà yẹn ló yé ọkùnrin náà pé a ò sí nílé lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé àbúrò rẹ̀, pé ìyá yìí ò mọ nǹkan kan, pé Natitingou tí òun pa nírọ́ ni obìnrin náà ń bi òun láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá mi jókòó sórí yanrìn, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kejì lérí, ó bú sẹ́kún. "Ọmọ mi ò! Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín! O sì ń dá a rù, Bẹ̀náà, ìwọ nìkan lò ń dá a rù ní ìlú yìí!"

Kò sẹ́ni tó tíì sunkún bá ọkùnrin yẹn lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbé tábìlì wọn jìnnà sí tirẹ̀. Ó rọra wólẹ̀ sórí eékún, àgbàlagbà tó ń wọ ṣòkòtò tergal tí wọ́n lọ̀ tó nílà, ó sì sunkún níṣojú mi. Mi ò dá iṣẹ́ dúró. Mo rò pé ojú á tì í bí mo bá dúró wò ó. Mo to ẹsẹ̀ kìíní tán, ó gún régé.

Nígbà tó yá, ó dìde, ó nu ojú. Mo bi í bóyá kí n kó irinṣẹ́ mi. Ó ronú, ó ní rárá, kí n mọ ọ́n, torí pé bí a bá dáwọ́ dúró, wọ́n á bi wá ní ìdí. Ó wá mú ìyá mi lọ́wọ́, ó mú un dúró ti búlọ́ọ̀kù. Ìyá mi ò ga. Mùsé Bẹ̀náà fi ọwọ́ sàmì sí ibi tí àyà ìyá mi dé, ó ní, "Màsọ́ọ̀n, ibí ni kí ẹ mọ ọ́n dé." Kò tún dárúkọ ìgò mọ́.

Òun ni ògiri tó kúrú jù tí mo mọ ní gbogbo ọdún àyípadà yẹn, àwọn oníbàárà mi sì fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ pé màsọ́ọ̀n ò rí búlọ́ọ̀kù tó láti parí tirẹ̀. Ìyá mi ti tún ń jẹun. Láàárọ̀, Mùsé Bẹ̀náà á fi ìgbọ̀nwọ́ lé ògiri lódìkejì, yóò dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ òun nìkan ló ń kí o. Àwọn ilé yòókù ṣì tilẹ̀kùn mọ́rí.

Ìgbà tí ìjọba wá ń tú àwọn tó wà ní àtìmọ́lé sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo wà níwájú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń tún ojú ọ̀nà omi ṣe. Mo ṣàdédé rí i pé títì ti pa rọ́rọ́. Àwọn tó wà níta ti wọlé, wọ́n ń yọjú lẹ́yìn aṣọ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ń bọ̀, ó gbé àpò kékeré kan lọ́wọ́, ó gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Fidẹ́ẹ̀lì ni. Ó ń rìn ní àárín ọ̀nà gan-an, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá kí òun lè fara gbá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Èmi náà tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo dorí kodò, mo ń fi ṣíbí ha ojú ọ̀nà omi.

Ìyá mi wà nídìí ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè.

"Fidẹ́ẹ̀lì!" Gbogbo títì gbọ́ ọ. "Fidẹ́ẹ̀lì, káàbọ̀ o! Ṣé àlàáfíà lo dé? Ṣé ara le? Ìrìn àjò ń kọ́? Ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ? O ti jẹun lónìí?"

Ọkùnrin náà dúró. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn níwájú ìyá mi bí ọmọ Kétu, ó sì ń dá a lóhùn láti ilẹ̀ níbẹ̀, ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn. "Àlàáfíà ni, Màmá. Ara le, Màmá. Mi ò tíì jẹun, Màmá."

Ilẹ̀kùn télọ̀ ló kọ́kọ́ ṣí. Ó jáde, ó dúró, ó ní, "Fidẹ́ẹ̀lì, káàbọ̀." Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú igbá omi. Lẹ́yìn náà, ilé tó tẹ̀ lé e ṣí. Mo ju ṣíbí sílẹ̀, mo ń lọ kí i.